Bí ẹ ṣe lè hun ìbọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ yín (gìgísẹ̀ ò le tó bí wọ́n ṣe ń sọ)

Tẹ́ ẹ bá lọ sí prámárì nílé wa láyé ìgbà tiwa, ẹ máa rántí pé tíṣà á ní ká mú wúùlù wá fún iṣẹ́ ọwọ́, ẹni tí ò bá sì lówó abẹ́rẹ́ á ṣẹ́ igi ìgbálẹ̀ méjì. Mo fi igi ìgbálẹ̀ hun nǹkan kan nígbà yẹn tí mo ní fìlà ni, màámi gbà á lọ́wọ́ mi pẹ̀lú ẹ̀rín, wọ́n sì ń fi gbé ìkòkò kúrò lórí iná. Mi ò tún fọwọ́ kan wúùlù mọ́ àfìgbà tí mo dé Leeds ní England tí òtútù fẹ́ gé ọmọ ìka ẹsẹ̀ mi jù nù. Ìbọ̀sẹ̀ mélòó kan ti jáde lọ́wọ́ mi láti ìgbà yẹn, nǹkan tí mo sì rí ni pé gbogbo ẹni tó bá fẹ́ bẹ̀rẹ̀, gìgísẹ̀ ló ń bà wọ́n lẹ́rù, bẹ́ẹ̀ kíka ojú (òrùka òwú kọ̀ọ̀kan tó wà lórí abẹ́rẹ́) lásán ni.

Wúùlù lẹ kọ́kọ́ máa rà. Gbogbo òwú tó bá ti nípọn la máa ń pè ní wúùlù nílé, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ nínú èyí tí wọ́n ń tà lọ́jà wa, akíríìlì ni, kò bá àgùntàn tan rárá. Ó dáa fún fìlà ọmọ tuntun, àmọ́ kì í fa òógùn, ẹsẹ̀ á kàn máa yọ̀ nínú bàtà ni. Èyí tó wá jẹ́ irun àgùntàn nìkan, gìgísẹ̀ ẹ̀ á tètè lu. Ẹ wá èyí tó jẹ́ irun àgùntàn bíi 75% àti náílọ́ọ̀nù bíi 25%, kí wọ́n sì kọ superwash sí lébẹ́ẹ̀lì ẹ̀, ìyẹn ni pé kò ní sún kì nínú ẹ̀rọ ìfọṣọ. Èmi ò wo lébẹ́ẹ̀lì nígbà àkọ́kọ́ o, mo ju ìbọ̀sẹ̀ tí mo fi ọ̀sẹ̀ mẹ́ta hun sínú ẹ̀rọ ìfọṣọ pẹ̀lú tówẹ̀lì, omi gbígbóná 60°C, ìgbà tó máa jáde ó ti sún kì, ó le bíi páálí, ọmọ àbúrò mi tí ò tíì pé ọdún méjì gan-an ò lè wọ̀ ọ́.

Ẹ ra èyí tí wọ́n ń pè ní DK (orúkọ bí òwú ṣe nípọn tó nìyẹn), torí ó nípọn díẹ̀, iṣẹ́ á yá. Gíráàmù 100 tó fún ẹsẹ̀ obìnrin méjèèjì, nítorí náà ẹ lè mú àwọ̀ méjì, 50, 50. Ẹ má bẹ̀rù àwọ̀ jàre, tèmi tí mo fẹ́ràn jù, àwọ̀ ọsàn àti aró ni. Abẹ́rẹ́ ẹ̀ márùn-ún ni, èyí tí ẹnu ẹ̀ ṣóńṣó lọ́tùn-ún lósì, 3.25 mm. Wọ́n á ní ó ti kéré jù. Kékeré yẹn gan-an la fẹ́, tó bá tóbi jù bẹ́ẹ̀ ẹ máa hun àwọ̀n ẹja.

Oríṣi ojú méjì péré lẹ nílò. Nítì: òwú wà lẹ́yìn, ẹ ki abẹ́rẹ́ bọ ojú láti iwájú, ẹ wé òwú mọ́ ọn, ẹ fà á gba inú ojú yẹn jáde, kí ẹ jẹ́ kí ojú àtijọ́ jábọ́. Pọ́ọ̀lù: òwú wà níwájú, abẹ́rẹ́ wọlé láti ọ̀tún sósì, ẹ wé e, ẹ tì í jáde sẹ́yìn. Ẹ fi ọjọ́ méjì ṣe ìyẹn nìkan kí ọwọ́ yín mọ̀ ọ́n. Tí ojú 24 bá fẹ̀ tó 10 cm, ẹ ti ń ṣe é bó ṣe yẹ.

Ẹ gbé ojú 48 sórí abẹ́rẹ́ (cast on ni wọ́n ń pè é), kó má le jù torí ibẹ̀ ni ẹsẹ̀ máa gbà wọlé. Ẹ pín in sórí abẹ́rẹ́ mẹ́rin, 12, 12, ìkarùn-ún ló ń ṣiṣẹ́. Kí ẹ tó so ó pọ̀ di òbìrípo, ẹ wo ìdí gbogbo ojú kí wọ́n kọrí sí ibì kan náà, tó bá lọ́ pẹ́nrẹ́n kò sí àtúnṣe, títú ni. Nítì 2, pọ́ọ̀lù 2, ẹ máa yípo títí ó fi gùn tó 5 cm, ìyẹn ọrùn ẹ̀ tó ń fà. Lẹ́yìn ẹ̀, nítì nìkan títí gbogbo ẹ̀ á fi tó 15 cm. Ibi tí abẹ́rẹ́ kan ti pàdé ìkejì máa ń ṣí sílẹ̀ bí àkàsọ̀, tẹ́ ẹ bá bọ́ sórí abẹ́rẹ́ tuntun, ẹ hun ojú àkọ́kọ́, ẹ hun ìkejì, ìkejì yẹn lẹ máa fa òwú ẹ̀ dáadáa, kì í ṣe àkọ́kọ́.

Ní ti àwọ̀, ẹ yípo mẹ́rin pẹ̀lú ọ̀kan, mẹ́rin pẹ̀lú ìkejì. Ẹ má gé òwú, ẹ kàn jẹ́ kí èyí tó ń sinmi máa tẹ̀lé yín lọ sókè nínú, kó dẹ̀ díẹ̀.

Gìgísẹ̀ nìyí o. Àwọ̀ kan ṣoṣo lẹ máa fi ṣe é, ojú 24 nìkan lẹ sì máa lò, 24 tó kù ẹ jẹ́ kó jókòó sórí abẹ́rẹ́ ẹ̀. Ẹ ò ní yípo mọ́, lílọ bíbọ̀ ni. Tẹ́ ẹ bá ń lọ: ẹ gbé ojú kan kọjá láì hun ún, nítì ọ̀kan, gbé ọ̀kan kọjá, nítì ọ̀kan. Tẹ́ ẹ bá ń bọ̀: ẹ gbé àkọ́kọ́ kọjá, ẹ pọ́ọ̀lù ìyókù. Ìlà 24. Àwọn tí ẹ gbé kọjá yẹn ló ń jẹ́ kí ibẹ̀ nípọn.

Ó wá ku ká tẹ̀ ẹ́ kó rí kòtò bíi igbá. Nítì 14, ẹ nítì méjì pọ̀ láti ẹ̀yìn (ẹ ki abẹ́rẹ́ bọ ojú méjì lẹ́ẹ̀kan náà láti ẹ̀yìn, kó di ọ̀kan), nítì 1, ẹ dúró. Ojú 7 ṣì wà níwájú yín tí ẹ ò fọwọ́ kàn, ẹ fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, ẹ yí iṣẹ́ padà. Gbé 1 kọjá, pọ́ọ̀lù 5, pọ́ọ̀lù méjì pọ̀, pọ́ọ̀lù 1, yí padà. Tẹ́ ẹ bá wò ó dáadáa, àlàfo kékeré kan wà láàrin ibi tí ẹ hun dé àti ojú tó kù. Àlàfo yẹn ló ń darí yín láti ìsinsìnyí lọ: gbé 1 kọjá, ẹ hun títí ó fi ku ojú kan kí ẹ dé àlàfo, ẹ so ojú méjì tó wà lápá ọ̀tún àti òsì ẹ̀ pọ̀, ẹ fi 1 lé e, yí padà. Ní ìlà méjì tó gbẹ̀yìn kò ní sí 1 tí ẹ máa fi lé e. Ojú 14 ló máa ṣẹ́kù, ẹ sì máa rí i tó ti rí bíi gìgísẹ̀ lóòótọ́, ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ rí i mo pariwo.

Ẹ nítì 14 yẹn, ẹ ṣa ojú 12 létí gìgísẹ̀ (ẹ ki abẹ́rẹ́ bọ etí ẹ̀, ẹ fa òwú jáde kó di ojú tuntun), ẹ fi 1 kún un ní igun torí ihò máa ń wà níbẹ̀, ẹ hun 24 tó ti ń sinmi, ẹ tún ṣa 13 lápá kejì. Ó di 64. Láti àárín gìgísẹ̀, ẹ hun dé ku mẹ́ta kí ẹ dé òkè ẹsẹ̀, so méjì pọ̀, nítì 1, hun 24 òkè, nítì 1, so méjì pọ̀ láti ẹ̀yìn, hun ìyókù. Ẹ yípo lẹ́ẹ̀kan láì so nǹkan kan. Ẹ ṣe é báyìí lẹ́ẹ̀mẹjọ, ó ti padà sí 48.

Ẹ máa yípo lọ, ẹ máa wọ̀ ọ́ wò pẹ̀lú abẹ́rẹ́ lára ẹ̀ (jẹ́jẹ́ o), títí á fi ku 5 cm kó dé orí ìka. Níbẹ̀, so ojú pọ̀ bíi ti tẹ́lẹ̀ ní ẹ̀gbẹ́ méjèèjì, ṣùgbọ́n lókè àti lábẹ́, ojú mẹ́rin ń lọ lẹ́ẹ̀kan. Ẹ fo ìpo kan láàrin títí á fi ku 24, lẹ́yìn ẹ̀ ní gbogbo ìpo títí á fi ku 8. Ẹ gé òwú, ẹ fi abẹ́rẹ́ ìránṣọ ki òwú gba inú 8 yẹn, ẹ fà á pọ̀ bí ẹnu àpò.

Kí ẹ tó sùn lálẹ́ ọjọ́ yẹn, ẹ gbé ojú 48 míì sórí abẹ́rẹ́ fún ẹsẹ̀ kejì. Mo ní ẹyọ kan aláwọ̀ ewé nínú dúrọ́ọ̀ mi tó ti ń retí ìkejì ẹ̀ láti ọdún mẹ́ta.