Ìrírí mi: bí mo ṣe gbé hi-hat fún ọwọ́ òsì, tí ọwọ́ ọ̀tún wá ráyè

Ẹ jẹ́ kí n tètè sọ ọ́, ọwọ́ òsì kọ́ ló máa yọ yín lẹ́nu o, ẹsẹ̀ ọ̀tún ni. Gbogbo ẹni tó bá ti gbọ́ pé mo ń kọ́ bí wọ́n ṣe ń fi òsì lu hi-hat (àwo irin méjì, ìyẹn cymbal, tó ń pa dé ara wọn) kí ọ̀tún máa lu snare (ìlù pẹlẹbẹ tó wà níwájú onílù), tí ọwọ́ ò ní dábùú ara wọn, ohun tí wọ́n máa kọ́kọ́ bi mí ni pé òsì yẹn ńkọ́, ṣé ó lè sáré? Ọwọ́ á sáré tó bá yá, ẹ̀ẹ́ kàn máa lù ú ni. Ẹsẹ̀ ló lóríkunkun, mo ń bọ̀ lórí ẹ̀.

Fún ẹni tí kò tíì fọkàn sí i rí: bí wọ́n ṣe máa ń to drum set fún ẹni tó ń lo ọwọ́ ọ̀tún, apá òsì ni hi-hat máa ń wà torí ẹsẹ̀ òsì ló ń tẹ pẹ́dà ẹ̀, snare á wà láàárín orúnkún méjèèjì, ọwọ́ ọ̀tún á wá gba orí ọwọ́ òsì kọjá lọ lu hi-hat, òsì á sì há sábẹ́ ẹ̀ níbẹ̀ tó ń lu snare. Tẹ́ ẹ bá rò ó dáadáa, kò fi bẹ́ẹ̀ bọ́gbọ́n mu. Ibi tó ti ṣẹ̀ wá ni pé láwọn ọdún 1920, ohun tó padà di hi-hat yìí kò ga ju ojúgun lọ, ẹsẹ̀ nìkan ló ń lò ó, igi ò lè kàn án. Ìgbà tí wọ́n wá gbé e sórí irin gígùn làwọn onílù bẹ̀rẹ̀ sí í fi igi lù ú, ọ̀tún tó sì ti mọ́ wọn lára láti máa fi lu cymbal náà ni wọ́n gbé lọ bá a lápá òsì lọ́hùn-ún. Bó ṣe di bárakú nìyẹn.

Àmọ́ àwọn onílù kan ò gbà. Billy Cobham ò gbà, Simon Phillips ò gbà, Carter Beauford tó ń lùlù fún Dave Matthews Band náà ò gbà. Ẹ wo fídíò Cobham ìgbà tó wà nínú ẹgbẹ́ olórin Mahavishnu Orchestra níbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1970, òsì ló ń darí, ọ̀tún ẹ̀ kàn ń rìn káàkiri àwọn tom (àwọn ìlù tó kù tí wọ́n tò yí ká) bó ṣe wù ú. Ọ̀tún tó ń rìn yẹn gan-an ló wọ̀ mí lójú. Ohun tí mo ń wá ò ju floor tom (tom ńlá tó dúró nílẹ̀ lápá ọ̀tún) lọ, mo fẹ́ máa ju floor tom sáàárín bíìtì kí hi-hat má dákẹ́, tí ọ̀tún bá sì ti wà lórí hi-hat, ó di dandan kó fi í sílẹ̀ kó tó dé ọ̀dọ̀ floor tom, àlàfo á yọ.

Kí n tó lu ohunkóhun, mo tún ìlù tò. Ẹni tó ń dábùú ọwọ́ máa ń gbé hi-hat ga kí igi òsì lè ráyè gbéra sókè lábẹ́ ọ̀tún. Tí ọwọ́ ò bá dábùú mọ́, gíga yẹn ò wúlò, ìpalára ló kù tó ń ṣe, torí èjìká òsì á máa gbéra láti bá a lókè, kò sì ní pẹ́ tí èjìká á bẹ̀rẹ̀ sí í ro yín. Mo sọ ọ́ kalẹ̀ títí tó fi ku bí ìbú àtẹ́lẹwọ́ kan kó bá snare dọ́gba, mo wá tì í síta díẹ̀ kí igi ọ̀tún má bàa máa gbá a létí. Bí igbọ̀nwọ́ òsì bá rọ̀ sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìhà yín, tẹ́ ẹ kàn na ọwọ́ síwájú láti ibẹ̀ tí igi sì bọ́ sórí hi-hat, ó ti tó.

Ride, cymbal ńlá tí wọ́n tún fi ń lu bíìtì lọ bíi ti hi-hat, òun wá ńkọ́? Cobham àti Phillips máa ń ní ride lápá òsì, kí òsì lè kúrò lórí hi-hat bọ́ sórí ẹ̀ láì lọ jìnnà. Èmi fi tèmi sílẹ̀ lọ́tùn-ún níbẹ̀rẹ̀. Tí mo bá yí gbogbo nǹkan padà lẹ́ẹ̀kan náà mi ò ní mọ èyí tó ń bá mi jà nínú wọn, ó sàn kí ọ̀kan yí, kó jókòó, kí òmíràn tó yí. Nígbà tí hi-hat ti mọ́ òsì lára ni mo ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé ride kọjá.

Ó wá kan òsì fúnra ẹ̀. Mo fi metronome (ẹ̀rọ tó ń dún click, click láti pa àkókò mọ́) sí 60, click ọgọ́ta nìyẹn láàárín ìṣẹ́jú kan, igi méjì sí click kọ̀ọ̀kan, ìyẹn méjì láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, kò sí nǹkan tó rọrùn tó o, létí ẹni tó ń lù ú. Ẹ wá fi fóònù gbà á sílẹ̀ kẹ́ ẹ tẹ́tí sí i. Ó rí bí ìwé tí èèyàn fi ọwọ́ kejì kọ, gbogbo lẹ́tà ló pé àmọ́ ọ̀kan ga, ọ̀kan kúrú, ọ̀kan dojú bolẹ̀. Bí mo ṣe ń di igi mú ló ń fà á, òsì máa ń fún igi pa ni, kì í jẹ́ kó ta padà. Mo wá ń fi àtàǹpàkò àti ìka ìfábẹ̀lá nìkan mú un, àwọn ìka mẹ́ta tó kù á kàn máa gbá a díẹ̀díẹ̀ láti ẹ̀yìn, tó bá balẹ̀ kó ta padà fúnra ẹ̀. Orí pad (rọ́bà pẹlẹbẹ tí àwọn onílù fi ń dánra wò) ni mo ti ṣe púpọ̀ nínú èyí torí pad máa ń ta igi padà. Àwọn kan máa ń sọ pé kí n ṣe é lórí pílò kí ọwọ́ lè lágbára, ó dáa fún ọrùn ọwọ́ lóòótọ́, ṣùgbọ́n pílò ò lè kọ́ èèyàn bí igi ṣe ń ta.

Nígbà tí ìró ẹ̀ ti dọ́gba ni mo wá ń fi ohùn sí i, nítorí hi-hat tó dọ́gba láti òkè délẹ̀ máa ń sú èèyàn. Bí wọ́n ṣe ń ka bíìtì ni pé àwọn click ni 1, 2, 3, 4, ibi tó wà láàárín click méjì ni wọ́n ń pè ní “and”. Lórí 1, 2, 3, 4, èjìká igi á gbá etí cymbal, lórí àwọn & tó wà láàárín, ṣóńṣó igi á kan orí ẹ̀. Ọgbọ́n tó wà níbẹ̀ ni pé ìrìn ọwọ́ kan ló ń bí igi méjèèjì, ọrùn ọwọ́ á sọ̀ kalẹ̀ fún èkíní, bó bá ṣe ń gòkè padà á ti lu èkejì lọ́nà. Ẹ̀ẹ́ rí i pé ọwọ́ ò sáré jù bẹ́ẹ̀ lọ, síbẹ̀ ìró di méjì.

Ó kan ẹsẹ̀ wàyí. Bíìtì ìbẹ̀rẹ̀ tí gbogbo ayé mọ̀, kick (ìlù ńlá ilẹ̀ tí ẹsẹ̀ ọ̀tún ń fi pẹ́dà lù) lórí 1 àti 3, snare lórí 2 àti 4, ìyẹn wọlé lójú ẹsẹ̀, inú mi dùn, mo ní àṣé kò le. Ìgbà tí kick kúrò lórí 1 àti 3, tó lọ sórí & tó tẹ̀lé 2, ni nǹkan dàrú. Mo ń gbọ́ snare tó nípọn ju bó ṣe yẹ lọ, ó ń dún bí ẹni pé ohun méjì jọ jábọ́, mo wo ilẹ̀, ẹsẹ̀ mi ń tẹ kick lórí 2 pẹ̀lú snare, mi ò sì rán an níṣẹ́. Ẹ jẹ́ ká wò ó bó ṣe jẹ́: látọjọ́ tí mo ti ń lùlù, ọ̀tún ló wà lórí hi-hat, gbogbo ìgbà tí ẹsẹ̀ ọ̀tún bá tẹ kick lórí nọ́ńbà tàbí lórí &, ọwọ́ ọ̀tún á ti máa balẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, ọwọ́ àti ẹsẹ̀ ẹ̀gbẹ́ kan náà ti di ọ̀rẹ́ kòríkòsùn. Ní báyìí ọwọ́ ọ̀tún ò lù ju 2 àti 4 lọ, níbi tí ẹsẹ̀ gbọ́dọ̀ ti dákẹ́ gan-an, ẹsẹ̀ ò mọ̀, ó ń wá ọ̀rẹ́ ẹ̀ lọ. Ọwọ́ òsì ló yẹ kó máa bá rìn báyìí.

Ohun tí mo ṣe ni pé mo tú wọn ká. Mo kọ́kọ́ gbé ọwọ́ ọ̀tún lé itan, kò lu nǹkan kan, hi-hat àti kick nìkan ló kù, òsì ń lu 1 & 2 & 3 & 4 & láì dúró, kick kan ṣoṣo nínú bar (ìyẹn kíkà láti 1 dé 4 lẹ́ẹ̀kan), àkọ́kọ́ lórí 1, tó bá rọ̀ mí lọ́rùn ó bọ́ sórí & tó tẹ̀ lé e, lẹ́yìn náà 2, bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ títí tó fi yí ibi mẹ́jọ̀ọ̀jọ ká. Lẹ́yìn ìyẹn ni mo dá hi-hat dúró, mo jẹ́ kí ọwọ́ ọ̀tún àti ẹsẹ̀ ọ̀tún máa gbà á fún ara wọn, snare, kick, snare, kick, wọn ò gbọdọ̀ pàdé. Ìyẹn kọ́ ẹsẹ̀ pé òun náà lè dá dúró. Kí n tó wá pa gbogbo ẹ̀ pọ̀ mo dá metronome padà sí 50, mo sì ń ka nọ́ńbà sókè, kì í ṣe nínú ọkàn o, sókè. Tí ẹnu bá kùn tàbí tó dákẹ́ lójijì níbì kan, ibẹ̀ gan-an ni ara ò tíì gbà, ibẹ̀ ni mo máa padà sí. Èèyàn á jọ wèrè lójú ẹni tó bá ń gbọ́ ọ látìta, ẹ má dá wọn lóhùn.

Ọwọ́ ọ̀tún náà ní tiẹ̀ o, kó má lọ rò pé òun ti bọ́. Ó lágbára jù, gbogbo snare ló ń pariwo, èyí sì dùn mọ́ mi lórí 2 àti 4, ṣùgbọ́n àwọn kéékèèké tó yẹ kó máa sọ̀rọ̀ wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́ láàárín wọn, òsì ló ti máa ń bá mi lu àwọn yẹn tẹ́lẹ̀, ọ̀tún ò mọ̀ wọ́n. Mo ń jẹ́ kí igi ga sókè díẹ̀ péré sí awọ kí n tó jẹ́ kó jábọ́, kò ju gíga ìka méjì lọ, tó bá sì ti lu 2 tán kó dúró sísàlẹ̀ níbẹ̀, kó má padà sókè. Tẹ́ ẹ bá tún fẹ́ dábùú igi lé etí snare fún orin jẹ́jẹ́, ẹ yí igi padà kí ìdí ẹ̀ máa gbá etí, bẹ́ ẹ ṣe ń ṣe é pẹ̀lú òsì náà ni, ṣùgbọ́n ọ̀tún ń bọ̀ láti igun míì, mo sì ní láti tẹ snare síwájú díẹ̀ kó tó dún gbáà.

Fill, ìyẹn ìlù kúkúrú tí wọ́n fi ń kún àlàfo kí bíìtì tó tún bẹ̀rẹ̀, ni ó dùn jù. Tí mo bá fi ọ̀tún bẹ̀rẹ̀, tí igi ń lọ ọ̀tún-òsì-ọ̀tún-òsì, mẹ́rin sí click kan, èyí tó kẹ́yìn á bọ́ sí òsì, ọ̀tún á wá lọ gbá crash (cymbal tí wọ́n ń gbá kó lè dún gbàà) lórí 1. Nígbà tí mo ń dábùú ọwọ́, ọ̀tún kan náà tó gbá crash ló gbọ́dọ̀ sáré padà wá sórí hi-hat kí & tó dé. Báyìí òsì ti wà lọ́nà ilé nígbà tí crash ń dún. Tó bá jẹ́ orí floor tom ni fill parí sí, òsì máa rin ìrìn àjò lóòótọ́, àmọ́ ní tẹ́ńpò 60 ó ní nǹkan bí ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin ìṣẹ́jú àáyá, ìyẹn tó o.

Floor tom mi wá bọ́ síbi tí mo fẹ́. Hi-hat ń lọ ní tiẹ̀ lápá òsì, ọ̀tún lu snare lórí 2, ó rìn lọ lu floor tom lórí & tó tẹ̀lé 3, ó padà wá bá snare lórí 4, hi-hat ò sì já rárá. Ní 90 ó rọrùn. Lẹ́yìn ìyẹn mo ń fi ọ̀tún kan náà gbá ìdodo (àárín tó yọ sókè) cymbal kékeré kan tí mo gbé sápá ọ̀tún, tàbí kí n gbé e lọ sórí tom kékeré, bíìtì kan náà di oríṣiríṣi láì yí ẹsẹ̀ padà. Ṣíṣí hi-hat pẹ̀lú ẹsẹ̀ òsì náà rọrùn ju bí mo ṣe rò lọ, torí ọwọ́ àti ẹsẹ̀ apá kan náà ló jọ ń ṣe é, ẹsẹ̀ gbéra lórí & tó kẹ́yìn, ó tì í lórí 1, ó tán.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ jẹ́ ọlọ́wọ́ òsì tí wọ́n sì fi sídìí ìlù tí wọ́n tò fún ọlọ́wọ́ ọ̀tún, ọ̀nà yìí ti wà nílẹ̀ dè yín, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fipá mú yín dábùú ọwọ́.

Èmi ò sì pa ti àtijọ́ tì ṣá. Àwọn kan máa ń sọ̀rọ̀ bí ẹni pé ẹ̀ṣẹ̀ ni dídábùú ọwọ́, mi ò bá wọn lọ síbẹ̀. Tí orin bá fẹ́ kí ọwọ́ kan máa lu mẹ́rin sí click ní tẹ́ńpò 100, 400 nìyẹn láàárín ìṣẹ́jú kan, òsì mi ò tíì débẹ̀, kíá ni mo máa gbé ọ̀tún kọjá. Shuffle náà, ìyẹn bíìtì tí igi méjì inú click kì í dọ́gba, tí èkíní ń gùn tí èkejì ń kúrú, òsì mi ń lù ú, ṣùgbọ́n ó ṣì ń dún gán-n-gán, kò tíì máa yí gbirigbiri bó ṣe yẹ. Orí ìyẹn ni mo wà báyìí, ní 70, pẹ̀lú ride tó ti wá sápá òsì, ẹsẹ̀ òsì ń tẹ hi-hat lórí 2 àti 4, ọ̀tún ò lu nǹkan kan ná.