Ẹ̀yin oníláíbìrì, ẹ yé ṣe báyìí lórí íntánẹ́ẹ̀tì mọ́

Téèyàn bá ti ń pe alert l'Ékòó, owó ló ń wá síni lọ́kàn. Èyí tí mo fẹ́ sọ ò kan báńkì o, Google Alerts ni, ọ̀fẹ́ ni, láti 2003 ló ti wà. Ẹ ó kọ ọ̀rọ̀ kan síbẹ̀, tí Google bá wá rí nǹkan tuntun tó ní ọ̀rọ̀ yẹn nínú, á fi ránṣẹ́ sí ímeèlì yín. Láíbìrì kékeré kan ní Ṣómólú ni mo ti ń bá wọn ṣiṣẹ́, ojú wa sì ti rí nǹkan lórí ọ̀rọ̀ alert àti Facebook yìí.

Ẹ má kọ Lagos library lásán síbẹ̀. Àwa kọ ọ́. Bí wọ́n ṣe ń kó ìròyìn Lagos tó wà ní Portugal wá fún wa nìyẹn (ìlú kan ń jẹ́ bẹ́ẹ̀ níbẹ̀ lóòótọ́, etí òkun ló wà), pẹ̀lú ọ̀rọ̀ àwọn tó ń kọ software torí àwọn náà ní nǹkan tí wọ́n ń pè ní library. Ọ̀gá wa ka méjì, ó ka mẹ́ta, kò ṣí i mọ́. Orúkọ láíbìrì yín gangan ni kẹ́ ẹ kọ, kẹ́ ẹ fi àmì àyọlò sí i níwájú àti lẹ́yìn, kẹ́ ẹ wá kọ -Portugal tẹ̀ lé e.

Sípẹ́lì ló tiẹ̀ dùn mí jù. Somolu nìkan la kọ, a ò rántí pé ẹlòmíì Shomolu ló máa kọ, a wá jókòó tì í bí oṣù méjì, kò mú nǹkan kan wá, a ní kò sẹ́ni tó mọ̀ wá ni. Ọjọ́ tá a kọ méjèèjì tá a fi OR sáàárín, nínú èyí tó máa ń kọ́kọ́ fi hanni kéèyàn tó tẹ Create Alert, la ti rí i pé bàbá kan ti kọ ọ́ síta pé òun mú ọmọ òun wá sọ́dọ̀ wa, fáànù ò ṣiṣẹ́, ọmọ làágùn títí tó fi ní òun fẹ́ máa lọlé. Ó ti pẹ́ tó ti kọ ọ́ o. Fáànù yẹn, kápásítọ̀ lásán ló kú nínú ẹ̀!

Ẹ má fi ímeèlì ẹnì kan ṣe é. Kọ́pà tó wà lọ́dọ̀ wa nígbà yẹn ló ṣí page Facebook, nọ́ńbà ẹ̀ ló fi ṣí i, ó parí ìsìnlú ẹ̀, ó já pa lọ Kánádà, page yẹn ṣì wà níbẹ̀ dòní pẹ̀lú àkókò tá a fi ń ṣí láyé ọjọ́un, àwọn èèyàn á wá ní Sátidé wọ́n á bá kọ́kọ́rọ́ lẹ́nu ọ̀nà, àwa ni wọ́n á bú. Ẹ ṣí ímeèlì fún láíbìrì fúnra ẹ̀, kí ẹni méjì mọ password. Kẹ́ ẹ sì ní kí alert máa wọlé lẹ́ẹ̀kan lóòjọ́, ó tó.

Ẹ má rò pé alert ń gbọ́ ohun tí wọ́n ń sọ nínú WhatsApp, kò gbọ́ ọ. Ibẹ̀ sì lọ̀rọ̀ Èkó wà jù. Status náà ńkọ́? Àfi ẹni tó save nọ́ńbà yín tẹ́yin náà save tiẹ̀ ló ń rí i, tó bá sì ti pé wákàtí 24 ó ti lọ. Flyer tá a fowó ṣe, èèyàn mọ́kànlá ló wò ó, mẹ́jọ nínú wọn, àwa òṣìṣẹ́ ni.

Ẹ jọ̀ọ́, Happy New Month yẹn ti tó gẹ́ẹ́. Àti fọ́tò olóṣèlú tó wá gé ríbọ́ọ̀nù. Ọmọ tó ń múra JAMB ò béèrè ìyẹn, ohun tó fẹ́ mọ̀ ni pé ṣé jẹnẹrétọ̀ wà tí NEPA bá mú iná lọ, ṣé á ráàyè jókòó, bọ́sítọ́ọ̀pù wo ló máa bọ́ sí, èló ni. Tí iná ò bá sí lónìí, ẹ sọ pé kò sí, kí ẹni tó ń bọ̀ láti Kétu má wọ dánfó lásán. Fọ́tò àwọn ọmọdé, ẹ gbàṣẹ òbí wọn kẹ́ ẹ tó gbé e síta, òfin wà lórí ẹ̀ láti 2023.

Àṣìṣe tá a pẹ́ ká tó rí ni pé orúkọ ara wa nìkan là ń wá kiri. A wá ṣí alert míì fún scholarship àti JAMB, tó bá wọlé, tá a bá ti yẹ̀ ẹ́ wò pé kì í ṣe ti àwọn oníjìbìtì, a máa ń tẹ̀ ẹ́ jáde lọ́dọ̀ àwọn onítẹ̀wé ẹ̀gbẹ́ wa, ká lẹ̀ ẹ́ mọ́ géètì, ká sì gbé e sórí Facebook tuntun tá a ṣí. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ọmọkùnrin kan dúró kà á tán níbi géètì, ó wojú mi, ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́ mà, ṣé èèyàn lè wọlé?"