Bí ẹ ṣe lè dá túmálìn píńkì mọ̀ kí ẹ tó so ó mọ́ ọrùn

Ìlẹ̀kẹ̀ ni mo ń sín níbí n'Ìbàdàn. Òjòó ni mo ti ń ra òkúta, lọ́wọ́ àwọn tó ń kó o bọ̀ láti Kòmu àti Òfìkì ní Òkè-Ògùn. Túmálìn píńkì, òkúta iyebíye kan, ni àwọn obìnrin ń béèrè lọ́wọ́ mi jù. Wọ́n ní ó ń tu ẹni tí ọ̀fọ̀ ṣẹ̀ nínú.

Bó bá jẹ́ èyí tí wọn ò tíì gé, ẹ fi èékánná kàn án lára. Ilà tín-ín-rín ló wà láti òkè dé ìsàlẹ̀, bí ẹni pé wọ́n fi ìyarí yà á. Ẹ wo orí rẹ̀: ó ní igun mẹ́ta, ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ sì wú síta díẹ̀.

Èyí tí wọ́n ti gé ṣòro díẹ̀ láti dá mọ̀. Ẹ gbé e sójú oòrùn, kí ẹ máa yí i. Ojúlówó á pọ́n lápá kan, á sì fẹ́ẹ́rẹ́ lápá kejì. Ọ̀kan náà ni àwọ̀ gíláàsì tí wọ́n fi ń ṣe ayédèrú níbi gbogbo. Ẹ wá fi awò tó ń sọ nǹkan di ńlá wo inú rẹ̀. Lọ́dún kejì tí mo bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, mo ra ẹyọ méjìlá. Ìgbà tí mo délé ni mo tó rí ihò afẹ́fẹ́ róbótó-róbótó nínú wọn. Gíláàsì ni gbogbo wọn. Ó ṣì ń dùn mí.

Èyí tí mo fẹ́ràn jù ni ti eérú. Ẹ fi òkúta náà sẹ́bàá gílóòbù títí á fi lọ́ wọ́ọ́rọ́, kí ẹ gbé e sún mọ́ eérú kíkúnná: eérú á fò lẹ̀ mọ́ ọn. Nígbà tí àwọn Dọ́ọ̀ṣì, ìyẹn àwọn ará Netherlands, kó o dé Yúróòpù láti Sri Lanka ní nǹkan bí ọdún 1700 sókè, "afa-eérú" ni wọ́n ń pè é ní èdè wọn. Ìgbóná ló ń jẹ́ kí iná mànàmáná díẹ̀ jáde lára rẹ̀. Ẹ má ṣe gbé e sórí iná o, ó lè sán.

Agbára gidi nìyẹn, mo sì gbà pé òun ló jẹ́ kí ọ̀pọ̀ èèyàn rò pé ó lè wo àìsàn. Àwọn Òyìnbó tó ń fi òkúta wòsàn ní kí ẹ gbé e lé àyà, kí ẹ dùbúlẹ̀, kí ẹ máa mí díẹ̀díẹ̀. Èmi náà ṣe é lẹ́yìn ìsìnkú ìyá mi, ara mi sì balẹ̀. Bóyá òkúta ni, bóyá ìdákẹ́jẹ́ẹ́ ni. Ṣùgbọ́n oníbàárà mi kan tìtorí ẹ̀ fi oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru sílẹ̀. Mo lọ bá a nílé, mi ò kúrò níbẹ̀ títí ó fi lo oògùn rẹ̀. Ẹ má sì rẹ ẹ́ sínú omi tí ẹ fẹ́ mu.

Cixi, ìyá ọba ilẹ̀ Ṣáínà tó kú ní 1908, fẹ́ràn rẹ̀ débi pé láti San Diego ní Amẹ́ríkà ni wọ́n ti ń kó o lọ fún un. Ẹwà rẹ̀ nìkan tó ìdí tí ẹ fi lè rà á.

Omi lílọ́ wọ́ọ́rọ́, ọṣẹ àti búrọ́ọ̀ṣì múlọ́múlọ́ ni kí ẹ fi fọ̀ ọ́. Bí mo bá ń sín in, mo máa ń ta kókó láàárín ẹyọ kọ̀ọ̀kan kí wọ́n má baà máa ha ara wọn. Bí okùn bá já, ẹyọ kan ṣoṣo ló máa bọ́.