Bí A Ṣe Ń Wo Òdòdó Ìbílẹ̀ Nínú Igbó

Oṣù Òkúdu tàbí Agẹmọ ni kí ẹ lọ, láàárọ̀ kùtù. Bàtà òjò ló dára jù. Ẹni tí kò bá ní, kó ki ẹsẹ̀ ṣòkòtò bọ inú ìbọ̀sẹ̀, ó tó. Èmi máa ń fi kẹrosíìnì díẹ̀ pa ara bàtà nítorí ìjàlọ. Ẹ̀yin náà, ẹ ṣe bẹ́ẹ̀.

Ibi tí ọ̀pọ̀ ti ń ṣìnà rèé. Wọn ò tíì wọgbó tí fóònù ti jáde, òdòdó ẹ̀bá ọ̀nà ni wọ́n ń yà. Àlejò láti ilẹ̀ òkèèrè ló pọ̀ jù nínú òdòdó wọ̀nyẹn! Èyí yẹ́lò ńlá tó jọ sunflower, tó máa ń gba etí títì kan nígbà tí òjò bá ń kásẹ̀ nílẹ̀, apá Mẹ́síkò ló ti wá. Ẹ̀wọ̀n adẹ́lé, tí pupa àti yẹ́lò wà lórí ẹyọ kan, ilẹ̀ Amẹ́ríkà ni. Ewé Akíntọ́lá náà, ibẹ̀ ni. Ibi tí wọ́n bá ti gé igi, tí oòrùn ti ráyè wọlé, ni wọ́n ń hù sí. Nítorí náà, bí òdòdó bá pọ̀ lọ súà níbi tí oòrùn ti ń pa yín, ẹ fura sí i. Áàpù fóònù tó ń dá òdòdó mọ̀ á sọ orúkọ rẹ̀ fún yín. Ẹ ṣáà tún wá ibi tó ti ṣẹ̀ wá. Ẹ máa rìn lọ títí òjìji igi yóò fi bo orí yín.

Lẹ́bàá odò, ẹ ó bá tètèrègún. Ẹ bẹ̀rẹ̀ wo orí rẹ̀ tó dì pọ̀: ẹyọ kan, ẹyọ méjì ni òdòdó funfun rẹ̀ ń yọ, àárín rẹ̀ yẹ́lò. Kì í pẹ́ rọ, ìdí nìyẹn tí mo fi ní kí ẹ tètè jí. Gloriosa ní tiẹ̀ máa ń gun igi ẹlòmíràn. Ṣónṣó ewé rẹ̀ tó ká kò ló fi ń dì í mú. Òdòdó rẹ̀ pupa, ìdí rẹ̀ yẹ́lò, ó sì yí sẹ́yìn. Májèlé ni, látorí ewé dé iṣu abẹ́ ilẹ̀. Ẹ di ọmọdé mú. Bí ẹ bá sì rí òdòdó aláwọ̀ àlùkò tó so rọ̀, ẹ wò ó bóyá èso onírun wà nítòsí rẹ̀. Wèrèpè nìyẹn, ẹ yà fún un.

Òdòdó orí igi ńkọ́? Ilẹ̀ ni kí ẹ kọ́kọ́ wò. Bí òdòdó òrúrù pupa bá wà lójú ọ̀nà, igi rẹ̀ ń bẹ lórí yín. Ẹ má náwó sí awò ọlọ́jú méjì. Kámẹ́rà fóònù tó lè fa nǹkan súnmọ́ ti tó. Ẹ tẹ ìrudi òrúrù tútù wò, omi á tú sí yín lójú.

Igbó Ọ̀ṣun ní Òṣogbo, tí UNESCO kọ sínú ìwé ogún àgbáyé lọ́dún 2005, yàtọ̀. Igi gígé àti ọdẹ ṣíṣe léèwọ̀ níbẹ̀. Ojú ni kí ẹ fi wo tibẹ̀, kẹ́ ẹ má já nǹkan kan.