Ilé ni Ẹ Kà, Ẹ Kò Ka Ọmọ: Àṣìṣe Tí Ó Wọ́pọ̀ Nínú Ìwádìí Òṣì Ọmọdé ní Èkó

Láìpẹ́ yìí ni ọ̀dọ́mọkùnrin kan gbé àbọ̀ ìwádìí wá bá mi ní Yábàá pé kí n bá òun yẹ̀ ẹ́ wò. Ó ti kó ènìyàn méjìlá kiri Mùṣín, Bàrígà àti Ìsàlẹ̀ Èkó fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, owó àwọn tí wọ́n rán an níṣẹ́ sì ti tán pátápátá. Mo bi í pé mélòó nínú àwọn ọmọ tí ó kà ni kì í ṣe ọmọ bíbí inú ilé tí ó ti bá wọn. Ó dákẹ́, ó ń ṣí ìwé síwásẹ́yìn. Inú bí mi, pàápàá nítorí pé èmi náà ti fi owó olówó ṣe irú rẹ̀ rí.

Èkíní, ẹ má ṣe fi nọ́ńbà tí kì í ṣe ọmọ ìyá kan náà wé ara wọn. Ìwádìí ọdún 2018 sí 2019 tí àjọ ìṣirò ti ìjọba àpapọ̀, NBS, ṣe wo owó tí ìdílé ń ná, ó sì rí i pé ìdá 40.1 nínú ọgọ́rùn-ún àwọn ọmọ Nàìjíríà ni ó tòṣì. Èyí tí wọ́n gbé jáde ní 2022 wo ìlera, ẹ̀kọ́, ipò ìgbé ayé àti iṣẹ́ papọ̀, ó sì rí ìdá 63. Láàárín àwọn ọmọdé nìkan, ó jẹ́ 67.5. Ẹni tí ó bá kọ ọ́ sínú àbọ̀ rẹ̀ pé òṣì fi ìdá mẹ́tàlélógún lé sí i láàárín ọdún mẹ́ta, n kò ní ka ojú ewé rẹ̀ kejì.

Èkejì, 137,430 náírà lọ́dún fún ẹnì kọ̀ọ̀kan, tí wọ́n fi pààlà òṣì nínú ìwádìí 2018 sí 2019, kò ṣeé gbé wá sí Èkó lẹ́yìn tí ìjọba yọ owó ìrànwọ́ orí epo ní 2023, àfi bí ẹ bá mọ ibi tí wọ́n ti ń ta gàrí ní iye àtijọ́.

Ẹ̀kẹta, ìwádìí 2018 sí 2019 yẹn kan náà ni ó fún Èkó ní ìdá 4.5 péré. Ọ̀gá kan ní ọ́fíìsì ìjọba fi nọ́ńbà yìí gbà mí nímọ̀ràn pé kí n gbé ìwádìí mi lọ sí Sókótó. Mo dúpẹ́, mo jáde, kí n tó rántí ohun tí ó yẹ kí n fi fèsì: nọ́ńbà kan ṣoṣo ni ó pa ilé alágbàlá ní Ìkòyí pọ̀ mọ́ èyí tí ó dúró lórí òpó igi ní Mákòkó.

Ẹ̀kẹrin ni ó ń dùn mí jù. Ẹ dé ilé kan, ẹ bá baálé tàbí ìyàwó rẹ̀ sọ̀rọ̀, ẹ kọ iye yàrá, ibi tí omi ti ń wá, bóyá fíríìjì àti jẹnẹrétọ̀ wà, lẹ́yìn náà kọ̀ǹpútà pín èsì náà bákan náà fún gbogbo orí tí ó wà lábẹ́ òrùlé ọ̀hún. Odidi ọdún méjì ni mo fi ṣe bẹ́ẹ̀. Ní ọjọ́ kan ní Sùúrùlérè, ìyá kan dá mi lóhùn tọ̀yàyàtọ̀yàyà: ọmọ méjì, iléèwé aládàáni, omi ẹ̀rọ nínú ọgbà. Ọmọbìnrin kan tí kò lè ju ọmọ ọdún mọ́kànlá lọ gbé omi wá fún mi. Mo ti dúpẹ́ kí n tó rí ẹní tí wọ́n ká sí ẹ̀yìn ilẹ̀kùn ilé ìdáná, aṣọ ìbora kékeré kan sì wà lórí rẹ̀. Mo béèrè. Wọ́n ní, "Ẹ̀n-ẹ́n, ọmọ tí ó ń bá wa gbé ni." Kò sí nínú ìwé mi. Bí mo bá sì kọ ọ́ sí i, kọ̀ǹpútà yóò sọ pé ọmọ tí ó ní omi ẹ̀rọ àti jẹnẹrétọ̀ ni, òṣì kò kàn án. Irọ́ ni méjèèjì.

Ìbéèrè wa gan-an ni ó ń fa á. A kì í ka ọmọ fún ọlọ́mọ, ẹ̀yin sì wọlé, ẹ ní, "Ọmọ mélòó ni ẹ ní, mà?" Bí wọ́n bá tilẹ̀ dáhùn, àwọn tí wọ́n bí ni wọn yóò kà, títí kan èyí tí ó ti lọ sí Kánádà, wọn yóò sì fo èyí tí ó ń gbálẹ̀ lójú yín. Ẹ béèrè àwọn tí ó sùn sínú ilé mọ́jú. Lẹ́yìn náà, ẹ mú ọmọ kọ̀ọ̀kan tí kò tíì pé ọdún méjìdínlógún lọ́kọ̀ọ̀kan: ta ni ó jẹ́ sí baálé ilé, ibo ni bàbá àti ìyá rẹ̀ wà, ibo ni ó ń sùn, ìgbà wo ni ó ń jẹun, kíláàsì wo ni ó wà, kí ni ó sì ń ṣe lẹ́yìn iléèwé? Bí wọ́n bá yọ̀ǹda kí ẹ bá ọmọ fúnra rẹ̀ sọ̀rọ̀, tí òun náà sì gbà, ẹ má ṣe é níwájú màdáámù. Kí ẹ sì ti mọ ẹni tí ẹ ó fi tó létí bí ẹ bá rí àpá lára rẹ̀. Èkó ti ní Òfin Ẹ̀tọ́ Ọmọdé tirẹ̀ láti 2007.

Ti ọmọ iṣẹ́ tí ó ń sùn sínú ṣọ́ọ̀bù ní Ìdúmọ̀tà ńkọ́, tàbí èyí tí ó ń sùn sábẹ́ bíríìjì? Wọn kò sí nínú ìwé orúkọ ilé kankan. Alẹ́ ni ẹ gbọ́dọ̀ lọ kà wọ́n, owó iṣẹ́ ọ̀hún sì yàtọ̀.

Ẹ má lọ wá ìyá ọlọ́jà nílé ní ọ̀sán; ọjà ni ó wà.

Èdè tún ńkọ́? Mo gbé ìwé ìbéèrè Yorùbá tí ó dán gbinrin lọ sí Mákòkó, níbi tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń sọ Ègùn nínú ilé wọn. "Bẹ́ẹ̀ ni" ni bàbá kan fi dáhùn gbogbo rẹ̀, títí kan ìbéèrè iye ọdún rẹ̀. Èmi náà kọ ọ́ sílẹ̀.

Ẹ má sì kọ nọ́ńbà sára ilé ẹnikẹ́ni. Ọmọ iṣẹ́ mi fi ṣọ́ọ̀kì sàmì sí ilé tí a ti ṣe tán ní àdúgbò kan létí ọ̀sà. Kí ilẹ̀ tó ṣú, baálẹ̀ ti ránṣẹ́ pè wá, àwọn obìnrin sì ti ń di ẹrù. Ìlú tí ó rí bí wọ́n ṣe wó ilé àwọn ènìyàn ní Màrókò ní 1990, Badia ní 2013 àti Otodo Gbame ní 2016 sí 2017, àmì lára ògiri kò ní ìtumọ̀ méjì níbẹ̀.

Òfò owó yín ni àbọ̀ tí ó bá dé lẹ́yìn oúnjẹ, ìyẹn lẹ́yìn tí ìjọba ti ṣètò ìṣúná tán. Oṣù kìíní ni ọdún ìṣúná Èkó ń bẹ̀rẹ̀. Ẹni tí ó bá gbé ìwé wọlé ní oṣù kejìlá ti pẹ́. Èmi gbé tèmi wọlé ní ọjọ́ kẹrìnlá oṣù náà. Òṣìṣẹ́ tí ó gbà á kò ṣí i. Ó bi mí ní nǹkan mẹ́ta: ọmọ mélòó, ní èwo nínú ìjọba ìbílẹ̀ ogún àti ti onídàgbàsókè mẹ́tàdínlógójì tí a ní, èló ni ìrànwọ́ wọn yóò ná wa lọ́dún? Ìwé olójú ewé 140 wà lọ́wọ́ mi, n kò sì rí ìdáhùn kan ṣoṣo fà yọ níbẹ̀.