Camry tó ń jẹ ọ́ìlì: ìbéèrè àti ìdáhùn láti Kàbà

Toyota Camry tí àwọn èèyàn ń pè ní Muscle ti kún ojú ọ̀nà Kàbà sí Ẹ̀gbẹ̀ báyìí. Ẹjọ́ kan náà ni púpọ̀ nínú wọn ń gbé wá bá mi níbi iṣẹ́: ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì ń gbẹ, kò sì sí ibi tó ń jò sí. Mo kó àwọn ìbéèrè tí wọ́n máa ń bi mí jọ síbí, mo sì dá wọn lóhùn bí mo ṣe ń dáhùn nígbà tí bọ́nẹ́ẹ̀tì bá wà ní ṣíṣí. Ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì ni mò ń pè ní ọ́ìlì; epo ni pẹtiróòlù.

Ìbéèrè: Òkun o, Bọ̀ọ̀dá. Tíṣà ni mí ní Ìsánlú. Camry 2008 ni mò ń wà, ẹ́ńjìnnì oní-lítà 2.4. Mo ṣe sáfíìsì rẹ̀ nígbà tí a fẹ́ wọlé táàmù yìí. A ò tíì dé ìdajì táàmù tí gééjì, ọ̀pá tí a fi ń wo ọ́ìlì, fi gbẹ. Ibi tí mò ń gbé e sí mọ́ tónítóní, n ò sì rí èéfín. Mẹkáníìkì tó wà nítòsí mi ní ẹ́ńjìnnì ti kú, kí n lọ ra tòkunbọ̀ mìíràn. Ṣé bẹ́ẹ̀ ni?

Ìdáhùn: Òkun, Àǹtí. Ẹ má tíì ra ẹ́ńjìnnì kankan.

Ẹ́ńjìnnì tó wà nínú ọkọ̀ yín ni wọ́n ń pè ní 2AZ-FE. Pístìnnì mẹ́rin ló ń lọ sókè sódò nínú rẹ̀, ríńgì mẹ́ta ló sì yí ọ̀kọ̀ọ̀kan ká. Méjì tó wà lókè ń sé agbára iná mọ́ kó má baà sá. Ẹ̀kẹta tó wà nísàlẹ̀ ló ń nu ọ́ìlì kúrò lára ògiri sílíńdà, àwọn ihò kéékèèké ara pístìnnì ni ọ́ìlì tó bá nù sì ń gbà padà sísàlẹ̀. Nínú èyí tí wọ́n ṣe fún Camry 2007 sí 2009, àwọn ihò yẹn kéré. Èédú ọ́ìlì tó jóná máa ń dí wọn. Bí wọ́n bá ti dí, ríńgì ìsàlẹ̀ á gan, kò ní lè nu nǹkan kan mọ́, ọ́ìlì á wá máa gòkè lọ bá iná. Ibẹ̀ ni tiyín ń lọ. Kò jò sílẹ̀, ó ń jóná ni.

Àlébù yìí ti ilé iṣẹ́ wá. Ní 2011, Toyota fúnra rẹ̀ kọ̀wé sí àwọn tó ń bá a tún ọkọ̀ ṣe ní Amẹ́ríkà pé ọ̀rọ̀ náà wà, ó sì ṣe pístìnnì tuntun àti ríńgì tuntun fún un. Nítorí náà, bí ẹ bá lọ ra ẹ́ńjìnnì tòkunbọ̀ tó jáde láàárín ọdún mẹ́ta wọ̀nyẹn, tí ẹnikẹ́ni kò tíì pààrọ̀ pístìnnì inú rẹ̀, àìsàn kan náà ni ẹ fi owó rà, ẹ ó sì tún san owó iṣẹ́ lé e.

Ìbéèrè: Báwo ni mo ṣe máa mọ̀ bóyá ohun tó ń jẹ ti pọ̀ jù?

Ìdáhùn: Wíwọ̀n ni, kì í ṣe fífojú díwọ̀n. Ẹ kọ́kọ́ jẹ́ kí wọ́n wò ó dáadáa pé kò jò. Kì í ṣe gbogbo jíjò ló ń kán sílẹ̀. Ẹ wo gásíkẹ́ẹ̀tì ìdérí òkè ẹ́ńjìnnì, ẹ wo ìdí fílítà, ẹ sì wo ẹ̀gbẹ́ ibi tí tẹ́ńṣọ̀nà ṣéènì, ohun tó ń fa ṣéènì inú ẹ́ńjìnnì le, wà, nítorí ibẹ̀ yẹn máa ń sun díẹ̀díẹ̀ lára 2AZ, eruku ojú ọ̀nà wa á sì bò ó títí tí ojú ò fi ní rí i. Ẹ sọ fún ẹni tó ń wò ó kó fi ìka nù ún, kó fi han yín.

Bí kò bá jò, ẹ gbé ọkọ̀ sórí ilẹ̀ tó tẹ́jú. Ní àárọ̀, kí ẹ tó síná sí i, ẹ fa gééjì yọ, ẹ nù ún, ẹ tì í bọ̀ ọ́ dé ìdí, ẹ tún fà á yọ, kí ẹ wá kà á. Ẹ bu ọ́ìlì sí i títí yóò fi kan àmì òkè, kó má kọjá ibẹ̀. Ẹ kọ iye tí mítà ojú ọkọ̀ ń kà sílẹ̀. Láti ìgbà náà, gbogbo ìgbà tí ẹ bá ra epo, ẹ fa gééjì. Ohun tí ẹ bá fi kún un, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ pẹ̀lú. Camry tó ti Amẹ́ríkà wá, máìlì ni mítà rẹ̀ máa ń kà. Ìwọ̀n tí Toyota lò ni pé bí ọkọ̀ bá jẹ tó kúọ́ọ̀tì kan, tó dín díẹ̀ ní lítà kan, láàárín máìlì 1,200, ó ti kọjá àlà. Ìyẹn sún mọ́ kìlómítà 1,930. Bí tiyín kò bá tó bẹ́ẹ̀, ẹ máa wà á, ẹ máa bu ọ́ìlì sí i, ẹ fi ọkàn balẹ̀.

Ohun kan tí mo fẹ́ kí ẹ dì mú ṣinṣin: iná pupa tó ní àwòrán ike ọ́ìlì lójú dáṣíbọ́ọ̀dù kò sọ pé ọ́ìlì ti dínkù. Ohun tó ń sọ ni pé agbára tó ń ti ọ́ìlì káàkiri ẹ́ńjìnnì ti já. Kó tó tàn, ọ̀rọ̀ ti bẹ́yìn yọ. Bó bá tàn lójú ọ̀nà Mọ̀pà, ẹ pa ọkọ̀ níbẹ̀ yẹn, ẹ má sọ pé ẹ ó rọra wà á délé.

Ìbéèrè: Wọ́n ti wọn kọ̀ǹpíréṣàn, ìyẹn agbára tí sílíńdà fi ń fún afẹ́fẹ́ pọ̀, wọ́n ní ó dára. Ṣé kò wá tọ́ kí n gbọ́kàn kúrò lórí ríńgì?

Ìdáhùn: Rárá o. Àwọn ríńgì méjì òkè ni kọ̀ǹpíréṣàn ń dán wò, ti ìsàlẹ̀ ló sì gan. Mo ti rí èyí tí kọ̀ǹpíréṣàn rẹ̀ pé pérépéré tó sì ń mu ọ́ìlì bí ẹni mu kùnú. Kí wọ́n yọ púlọ́ọ̀gì wò. Bí ọ̀kan tàbí méjì bá dúdú tó tún tutù fún ọ́ìlì, ẹ ti rí ẹlẹ́rìí yín.

Ní ti èéfín, kátálíìsì tó wà lábẹ́ ọkọ̀ máa ń jó púpọ̀ nínú rẹ̀ kó tó jáde. Ìdí nìyẹn tí ẹ kò fi rí i. Bó bá jẹ́ kìkì ní àárọ̀, nígbà tí ẹ bá ṣẹ̀ṣẹ̀ síná, ni èéfín aláwọ̀ búlúù ń tú jáde tó sì tán, síìlì fáàfù, rọ́bà tó ń dí ọ́ìlì lára fáàfù, ni kí wọ́n kọ́kọ́ fura sí. Iṣẹ́ ìyẹn rọrùn ju ti pístìnnì lọ.

Ìbéèrè: Ọ̀gá mi, ẹ kú iṣẹ́. Mò ń fi Camry 2007 kó èrò láti Ìyàrà. Àwọn àgbà awakọ̀ ní kí n da 20W-50, ọ́ìlì tó ki, sí i, kí n sì fi ọ́ìlì alágolo kékeré tó ki yẹn kún un, pé yóò dúró. Kí lẹ rí sí i?

Ìdáhùn: Àbúrò, yóò dín in kù lóòótọ́, ìdí tí wọ́n fi gbà gbọ́ nìyẹn. Ṣùgbọ́n ẹ́ńjìnnì yìí ní VVT-i, ìyẹn ẹ̀rọ tó ń yí àsìkò tí fáàfù ń ṣí padà, agbára ọ́ìlì gan-an ló sì ń sún un. Ọ́ìlì tó ki jù kì í tètè dé ibẹ̀, pàápàá ní àárọ̀ ọyẹ́. Àwọn ọ̀nà tóóró tí ọ́ìlì ń gbà, ìwọ náà mọ ohun tí nǹkan tó ki yóò ṣe níbẹ̀ bó bá pẹ́.

Ka ohun tí wọ́n kọ sórí ìdérí ibi tí a ń da ọ́ìlì sí. Bí ọkọ̀ bá ti dàgbà tó sì ń jẹ ọ́ìlì, mo máa ń gbà kí wọ́n lo èyí tó ki díẹ̀ sí i, 5W-30 tàbí 10W-30, nítorí ooru tiwa. Ibi tí mo ń dúró sí nìyẹn. Ti alágolo, èmi ò ní dà á sí ọkọ̀ mi.

Ọ́ìlì fúnra rẹ̀ ńkọ́? Àwọn kan ń sẹ́ èyí tí a ti lò, wọ́n á rọ ọ́ sínú gálọ́ọ̀nù tuntun, wọ́n á sì tẹ ìdérí rẹ̀ bí ẹni pé kò sẹ́ni tó ṣí i rí. Irú ẹ̀ máa ń di èédú kíá, èédú sì ni ọ̀tá ihò pístìnnì yìí. Ọwọ́ ẹni tí o mọ ilé rẹ̀ ni kí o ti rà á. Bí o bá sì ti dà á tán, dá gálọ́ọ̀nù náà lu kó má baà padà sọ́jà. Má jẹ́ kí sáfíìsì pẹ́ ju kìlómítà 5,000 lọ, ọkọ̀ akérò ni.

Kí o tó ná owó ńlá, ní kí wọ́n wo fáàfù PCV, èyí tó ń jẹ́ kí afẹ́fẹ́ inú ẹ́ńjìnnì rí ọ̀nà jáde, tó wà lára ìdérí òkè ẹ́ńjìnnì. Kékeré ni, kò wọ́n. Yọ ọ́, mì ín. Ó yẹ kí o gbọ́ ohun tó ń ró gbàlàgbàlà nínú rẹ̀. Afẹ́fẹ́ gbọ́dọ̀ kọjá bí o bá fẹnu fẹ́ ẹ láti apá kan, kó sì kọ̀ láti apá kejì. Bí kò bá ṣe bẹ́ẹ̀, pààrọ̀ rẹ̀, kí o tún ìwọ̀n tí mo sọ lókè ṣe láti ìbẹ̀rẹ̀.

Ìbéèrè: Mẹkáníìkì mi ní kátálíìsì ti dí, pé ká gé e dànù.

Ìdáhùn: Ọ́ìlì tó ń jóná máa ń bà á jẹ́ lóòótọ́. Ṣùgbọ́n kátálíìsì ní ohun iyebíye nínú, àwọn kan sì ń rìn káàkiri tí wọ́n ń rà á. Bí wọ́n bá gé tìrẹ, béèrè lọ́wọ́ wọn pé níbo ló wà. Wàá rí i bí ojú ṣe máa yí. Gígé rẹ̀ kò sì ní kí ọ́ìlì má jóná mọ́. Èéfín tí o kò rí tẹ́lẹ̀ ni gbogbo ìlú á wá máa rí.

Ìbéèrè: Ọmọ mi, ẹ̀yìn fẹ̀yìntì ni mo wà báyìí ní Ẹ̀gbẹ̀. Peugeot 504 ti Kàdúná ni mo wà nígbà tí mo wà lẹ́nu iṣẹ́. Wọ́n sọ fún wa pé Toyota kì í bàjẹ́. Báwo ni ilé iṣẹ́ tó gbayì tó báyìí ṣe gbé irú èyí jáde?

Ìdáhùn: Ẹ kú ìsinmi, Bàbá. Iṣẹ́ aṣọ híhun ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀, èyí tí àwọn ìyá wa ní Bùnú náà mọ̀ dunjú. Sakichi Toyoda ló ń ṣe òfì onírin ní Japan. Èyí tó gbé jáde ní 1924 máa ń dá ara rẹ̀ dúró bí òwú bá já, kó má baà hun aṣọ tó ní àbùkù lọ títí. Ọmọ rẹ̀, Kiichiro, ló dá ẹ̀ka ọkọ̀ sílẹ̀ nínú ilé iṣẹ́ òfì náà ní 1933, ó sì di ilé iṣẹ́ tó dá dúró ní 1937. Ìlànà òfì yẹn ló tẹ̀lé wọn wọ inú ọkọ̀: nínú ilé iṣẹ́ Toyota, òṣìṣẹ́ tó bá rí àbùkù lè fa okùn kí gbogbo iṣẹ́ dúró. Orúkọ rere tí ẹ gbọ́ yẹn, ibẹ̀ ni wọ́n ti rí i.

Síbẹ̀, wọ́n ti ṣubú rí. Crown tí wọ́n kọ́kọ́ gbé lọ sí Amẹ́ríkà ní 1957 kò lágbára tó fún ọ̀nà márosẹ̀ ibẹ̀. Corolla dé ní 1966, Camry tẹ̀ lé e, láti 1988 ni wọ́n sì ti ń ṣe Camry ní Georgetown ní ìpínlẹ̀ Kentucky. Púpọ̀ nínú tòkunbọ̀ tó wà lọ́wọ́ wa, ọmọ Kentucky ni, Bàbá, kò mọ Japan rárá. Ní oṣù kejì 2010, Akio Toyoda, ọmọ ọmọ Kiichiro tó jẹ́ olórí Toyota nígbà náà, jókòó síwájú ìgbìmọ̀ aṣòfin Amẹ́ríkà, ó tọrọ àforíjì lórí ọkọ̀ tó ń sáré láìjẹ́ pé wọ́n tẹ̀ ẹ́.

Ní ti pístìnnì yìí, okùn fífà kò lè gbà wọ́n. Àbùkù tó bá hàn lójú ni òṣìṣẹ́ ń rí. Èyí wà nínú yíyà tí àwọn ẹnjiníà yà á, ọkọ̀ sì ti rin ọ̀nà jíjìn kó tó fara hàn.

Ìbéèrè: Èmi tíṣà Ìsánlú nìyí lẹ́ẹ̀kan sí i. Mo ti wọ̀n ọ́n, ó kọjá àlà. Kí ni kí n ṣe wàyí?

Ìdáhùn: Ẹ ṣeun, Àǹtí. Bó bá jẹ́ pé ilé dé ilé ìwé ni ìrìn yín, lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan ẹ dé Kàbà, lítà ọ́ìlì tí ẹ ó máa fi kún un kò ní tó owó ẹ́ńjìnnì láéláé. Ẹ ra gálọ́ọ̀nù sí bùùtù, kí ẹ máa fa gééjì. Kò sí ìtìjú níbẹ̀.

Bó bá ń jẹ púpọ̀ gan-an, tàbí tí ẹ ń wà á lọ sí Ìlọrin déédéé, ẹ jẹ́ kí wọ́n tú ẹ́ńjìnnì yín gan-an, kí wọ́n fi pístìnnì tuntun ti àtúnṣe sí i pẹ̀lú ríńgì rẹ̀. Ẹ má jẹ́ kí wọ́n pààrọ̀ ríńgì nìkan lórí pístìnnì àtijọ́, ihò tó kéré ṣì wà níbẹ̀. Ẹ sì gba pístìnnì àtijọ́ lọ́wọ́ wọn lẹ́yìn iṣẹ́, kí ẹ fojú ara yín rí i pé wọ́n yọ ọ́. Àtúnṣe ọ̀fẹ́ tí Toyota ṣe fún àwọn ará Amẹ́ríkà ti kásẹ̀ nílẹ̀ tipẹ́.

Ìbéèrè: Camry 2004 tí wọ́n ń pè ní Big Daddy ni tèmi, oní-2.4 náà. Kò jẹ ọ́ìlì, omi rédíétọ̀ ló ń gbẹ.

Ìdáhùn: Ìyẹn yàtọ̀. Nínú tiyín, ojú ihò tí bóòtù òkè ẹ́ńjìnnì fi dì mọ́ búlọ́ọ̀kù máa ń fà tu, pàápàá lẹ́yìn, omi á sì máa sun níbẹ̀. Bí wọ́n bá kàn pààrọ̀ gásíkẹ́ẹ̀tì, yóò padà jò. Ẹni tó mọ bí wọ́n ṣe ń gbẹ́ ihò náà, tí wọ́n sì ń fi bọ́ọ̀ṣì irin sí i, ni kí ẹ gbé e fún. Ẹ má sì wà á bó bá ń gbóná.

Ìbéèrè: Mo fẹ́ ra Camry. Báwo ni mo ṣe máa yẹra fún gbogbo èyí?

Ìdáhùn: Ẹ wo nọ́ḿbà ṣáásì lábẹ́ gíláàsì iwájú, lápá awakọ̀. Mẹ́tàdínlógún ni àwọn lẹ́tà àti nọ́ḿbà rẹ̀. Bó bá bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 4, Amẹ́ríkà ni wọ́n ti ṣe é. Bó bá jẹ́ J, Japan ni. Ẹ ka èyí tó wà ní ipò kẹwàá: 7 ni 2007, 8 ni 2008, 9 ni 2009, A ni 2010, B ni 2011. Láti A lọ, ẹ́ńjìnnì oní-2.5 ni wọ́n fi sí i dípò 2.4, kò sì ní àìsàn yìí. Ẹni tó ń tà á lè pe 2009 ní 2010, ṣùgbọ́n nọ́ḿbà ṣáásì kò bá a gbìmọ̀ pọ̀. Bó bá sì jẹ́ 7 sí 9 ni ẹ rí, tí ọkọ̀ náà wù yín, ẹ fa gééjì rẹ̀ kí ẹ tó sọ̀rọ̀ owó, kí ẹ sì béèrè lọ́wọ́ ẹni tó ń wà á tẹ́lẹ̀ pé ìgbà wo ló bu ọ́ìlì sí i kẹ́yìn.