Bí A Ṣe Lè Kọ́ Àwọn Ọmọ Iléṣà ní Ìtàn Èdè Gẹ̀ẹ́sì

Ẹ̀yin olùkọ́ ilé ìwé girama, ẹ kọ ọ̀rọ̀ náà knight sójú pátákó, kí ẹ sì bi àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yín ohun tí lẹ́tà k àti gh ń ṣe níbẹ̀ nígbà tí ẹnikẹ́ni kì í pè wọ́n. Ẹ jẹ́ kí wọ́n ronú sí i kí ẹ tó sọ fún wọn pé àwọn Gẹ̀ẹ́sì ayé àtijọ́ ń pe gbogbo wọn jáde lẹ́nu.

Lẹ́yìn náà, ẹ gbé máàpù Yúróòpù síwájú wọn. Kí wọ́n wá àríwá Jámánì àti Denmark, níbi tí àwọn Angles, Saxons àti Jutes ti wọkọ̀ ojú omi lọ sí Britain ní nǹkan bí ọdún 450. Èdè tí wọ́n gbé lọ ni ìpìlẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, òun ló fà á tí house àti water fi jọ ti àwọn ará Jámánì títí di òní. Àwọn Viking, jagunjagun orí omi láti Scandinavia, tí wọ́n kọ lu erékùṣù Lindisfarne ní England ní 793, fi sky, egg àti they kún un. Ẹ má ṣe pẹ́ jù níbí.

Ọdún 1066 ni kí ẹ fara balẹ̀ lé lórí. Nígbà tí William ará Normandy ní ilẹ̀ Faransé ṣẹ́gun ní Hastings ní England, èdè Faransé di èdè ààfin àti ilé ẹjọ́, Gẹ̀ẹ́sì sì wà lẹ́nu àwọn mẹ̀kúnnù. Ẹ fi ẹran ṣàlàyé rẹ̀, nítorí ọmọdé kì í gbàgbé èyí: cow àti sheep tí ó wà ní pápá jẹ́ Gẹ̀ẹ́sì, ṣùgbọ́n beef àti mutton tí ó dé orí tábìlì wá láti inú èdè Faransé.

Nígbà tí ẹ bá dé orí William Caxton, ẹni tí ó gbé ẹ̀rọ ìtẹ̀wé dé Westminster ní 1476, ẹ ní kí ọmọ kan fi Ìjẹ̀ṣà sọ gbólóhùn kan, kí ó sì kọ ọ́ ní Yorùbá tí a ń kọ nínú ìwé. Bí Bíbélì Yorùbá, tí Bíṣọ́ọ̀bù Àjàyí Crowther ṣe iṣẹ́ ńlá lórí rẹ̀, ṣe gbé ẹ̀ka èdè Ọ̀yọ́ lékè nínú ìwé kíkọ, bẹ́ẹ̀ ni ìwé títẹ̀ ṣe gbé ẹ̀ka èdè Lọ́ńdọ́ọ̀nù lékè. Sípẹ́lì ń fìdí múlẹ̀ díẹ̀díẹ̀, ṣùgbọ́n ohùn ẹnu àwọn ènìyàn kò dúró: láàárín nǹkan bí 1400 sí 1700, ìró fáwẹ́lì gígùn yí padà gidigidi, ìró k iwájú n àti ìró gh inú knight sì pa rẹ́. Ibẹ̀ ni ẹ ó ti dá ìbéèrè knight lóhùn.

Yorùbá ni mo rọ̀ yín pé kí ẹ fi ṣe àlàyé yìí. Ètò ọlọ́dún mẹ́fà tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fafunwa ṣe aṣáájú rẹ̀ ní Ilé-Ifẹ̀ láti ọdún 1970 fi hàn pé lílo Yorùbá láti fi kọ́ni kò dí ọmọ lọ́wọ́ láti mọ Gẹ̀ẹ́sì.

Fún iṣẹ́ àṣetiléwá, kí wọ́n wo orísun ọ̀rọ̀ mẹ́wàá nínú ìwé atúmọ̀ èdè, kí debt sì wà lára wọn. Wọn yóò rí i pé Gẹ̀ẹ́sì kò pe b inú rẹ̀ rí. Àwọn ọ̀mọ̀wé ló fi í síbẹ̀ kí ọ̀rọ̀ náà lè jọ ti Látìn. Ọmọ tí ó bá kọ ọ́ pé wọ́n ti ń pè é tẹ́lẹ̀, ẹ dá ìwé rẹ̀ padà kí ó tún un wò.